Paná àti Fíríìjì Màmá

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò lè rí iná tó ń tàn kó má pa á. Ẹ lè wà nínú ilé ìwẹ̀ rẹ̀, kí ọṣẹ kún ojú yín, bó bá ti ń kọjá tó rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, á na ọwọ́ sí súìṣì tó wà lóde, òkùnkùn á sì bò yín mọ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá pariwo, á ní, "Ṣé ojú lẹ fi ń wẹ̀ ni?" Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Paná. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni o, àmọ́ òun gbà á bí ẹni gba oyè.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òṣì ló ń ṣe é. Ká ní òṣì ni, ẹnu mi ì bá má gbọ́ ọ, torí òṣì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ilé tirẹ̀ ló ń gbé, àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti lọ sílé ọkọ àti ilé tiwọn. Ohun tó ń ṣe Paná ni pé ó gbà pé gbogbo èèyàn ayé ló ń fi nǹkan ṣòfò, òun nìkan ni Ọlọ́run rán wá láti dá wọn lẹ́kun. Ilé ìkẹ́rùsí iléeṣẹ́ kan ló ń bójú tó kó tó fẹ̀yìn tì. Bí akọ̀wé bá wá gba bírò, á ní kó kọ́kọ́ mú èyí tó ti tán wá, á fi ha ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ títí á fi dá a lójú pé yíǹkì ti tán nínú rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kórìíra rẹ̀ bí ìgbẹ́. Òun ní wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún òun. Ẹni tí a kórìíra tó ń pè é ní ọ̀wọ̀, kí lẹ fẹ́ sọ fún un?

Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó rẹ̀, tíṣà ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ń kọ́ ọmọ, bó bá sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì, ẹni tó wà lẹ́nu géètì ló ń gbọ́ ọ. Láti ìgbà tó ti wọlé Paná ni ohùn yẹn ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yí bọ́tìnnì rédíò sẹ́yìn. Ó di pé bá a bá bi í bóyá á mu omi, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n bi Bàbá wọn ná." Inú máa ń bí mi débi pé mo máa ń mu omi náà dípò rẹ̀.

Ẹ wá wo pálọ̀ wọn. Gílóòbù mẹ́rin ló yẹ kó wà lókè àjà, ẹyọ kan ló wà níbẹ̀. Paná ti tú àwọn yòókù, ó dì wọ́n sínú páálí, ó tì í sábẹ́ ibùsùn, kí wọ́n má baà gbó. Bí àlejò bá sì ti jókòó tán, á pa ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù, á ní, "Ọ̀rọ̀ la fẹ́ sọ, a ò fẹ́ ka ìwé." Kọ́tìnnì inú pálọ̀ náà, èmi ni mo rán an, iṣẹ́ mi nìyẹn, kọ́tìnnì ni mò ń rán. Aṣọ tó nípọn ló ní kí n lò, kí oòrùn má baà pa àga òun láwọ̀. A máa ń jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan bí olè tó ń dúró kí onílé sùn.

Èyí tó burú jù ni ti fíríìjì ilé ìdáná. Àárọ̀ nìkan ló ń tan án. Ó ní òtútù dà bí omi inú ìkòkò: bó o bá ti pọn ọ́n kún, tó o sì dé e, kí lo tún ń pọn sí? Ẹ̀gbọ́n mi da ọbẹ̀ nù, ó da wàrà nù, ó da ẹja nù. Bí ọbẹ̀ bá ti kan, Paná á tọ́ ọ wò, á fajú ro, á ní, "Ẹ ò sè é jinná ni." Kò sígbà kan rí tó jẹ́ pé òun ló jẹ̀bi. Bí òjò bá rọ̀ sórí aṣọ tó ní kí wọ́n má tíì ká, òjò ló jẹ̀bi.

Ìyá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, wá bá wọn gbé nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba àtẹ̀gùn ilé mi mọ́. Ìfọṣọ ni Màmá fi tọ́ wa. Aṣọ àwọn olówó ló ń fọ̀, gbogbo ohun tó bá sì bá nínú àpò aṣọ, ìbáà ṣe bọ́tìnnì, ìbáà ṣe òrùka wúrà, orí aṣọ náà ló ń gbé e sí tó bá lọ̀ ọ́ tán. Ó máa ń sọ fún wa pé, "Èmi ò ní ohun tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún yín ju pé kò sẹ́ni tó lè pe ìyá yín lólè." Àtọ̀gbẹ wá mú un lọ́jọ́ ogbó. Láti ọjọ́ tí dókítà ti ní kó yéé jẹ ṣúgà, kò fi ẹnu kàn án mọ́. Ó ń mu tíì rẹ̀ lófìfo, ó ń fajú ro, ó ń gbé e mì bí ẹni mu oògùn. Lẹ́yìn náà ló tún ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ láràárọ̀, torí ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ yẹn.

Àkókò yìí ni Paná ra kọ̀ǹpútà, ó gbé e sí yàrá kékeré ẹ̀yìn tó ń pè ní ọ́fíìsì. Ohun tó ń fi ṣe kò ju kó ka ìròyìn láàárọ̀, kó kọ lẹ́tà ẹ̀hónú sí àwọn tó ń jẹ́ kí iná òpópónà máa tàn lójú ọ̀sán, kó sì pa á. Àmọ́ iná àdúgbò kì í dúró ṣinṣin, ó máa ń já ẹ̀hónú mọ́ ọn lẹ́nu. Ló bá lọ ra bátìrì kọ̀ǹpútà, àpótí dúdú kan tó wúwo bí òkúta, tó jẹ́ pé bí iná bá lọ, á gbé kọ̀ǹpútà dúró.

Ọjọ́ tó gbé e dé, ó kó gbogbo wa jọ sẹ́yìn rẹ̀. Ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì ló kún ẹ̀yìn náà, oríṣi mẹ́ta sì ni wọ́n. Ọ̀kan wà fún kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Àwọn kan wà tí iná kì í kúrò nínú wọn tọ̀sán tòru. Àwọn tó kù ní àwòrán ewé kékeré lára. Àwọn elẹ́wé wọ̀nyí, ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá ti pa kọ̀ǹpútà, tàbí tó sùn fúnra rẹ̀, iná inú tiwọn náà á kú, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti fìtílà orí tábìlì má baà máa jẹ iná lásán.

"Kọ̀ǹpútà ni baálé," Paná ní, ó ń fi bírò tọ́ka. Mi ò rí i kí ojú rẹ̀ tàn tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí àwọn ọmọ rẹ̀. "Bí baálé bá ti sùn, gbogbo ará ilé á sùn. Ẹni tó ṣe nǹkan yìí ní làákàyè."

Màmá wo àpótí náà, ó wo Paná, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ tún wá rà á fún? Bí ilé yìí ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Paná náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé wọ́n yin òun ni.

Èmi ni mo ra fíríìjì kékeré fún oògùn Màmá, kò ju àpótí búrẹ́dì lọ. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó nílé ti kìlọ̀ fún wa pé oògùn náà gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù nígbà gbogbo, pé bí ooru bá pẹ́ lára rẹ̀, omi lásán ni yóò kù. Torí iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi bẹ Paná pé kó jẹ́ ká so ó mọ́ bátìrì rẹ̀. Ó gbà, ó sì jẹ́ ká mọ̀ pé òun gbà. Odindi ọ̀sẹ̀ ló fi ń sọ ọ́ fún ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde pé òun ti fi bátìrì òun ṣe àánú. Ìṣojú mi ló ti ki wáyà fíríìjì náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná kì í kúrò níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn náà ló tú gílóòbù bíńtín tó wà nínú fíríìjì náà, ó ní, "Ta ló fẹ́ kàwé nínú fíríìjì?" Mo rò pé àwàdà rẹ̀ burúkú náà ló ń ṣe, mo bá tèmi lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í ga lára Màmá. Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó tún un gún. Ó bi í pé, "Màmá, kí lẹ jẹ?" Kí Màmá tó lanu, Paná ti dáhùn láti orí àga rẹ̀.

"Ẹ bi í dáadáa," ló wí. "Ẹ bi í dáadáa, nọ́ọ̀sì."

Láti ọjọ́ náà ni ilé ti di ilé ẹjọ́. Paná ti ṣúgà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa fi bisikíìtì hàn òun kí wọ́n tó já a. Ìgbà tí ṣúgà kò wálẹ̀, ó tú àpò Màmá lójú rẹ̀, ó bá bébà súìtì kan níbẹ̀. Ọmọbìnrin mi ló lá súìtì náà nígbà tá a wá kí wọn, tó ki bébà rẹ̀ bọ àpò ìyá àgbà. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Paná mi orí sí wa bí adájọ́ tó ń gbọ́ irọ́ àwọn ẹlẹ́rìí, ó fi bébà náà sórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń fi han àlejò. Ẹ wá wo àgbàlagbà tó ń pàtẹ bébà súìtì!

"Bàbá àwọn ọmọ," ni Màmá wí fún un, "èmi kì í jalè."

"Ohun dídùn a máa wu ẹnu àgbà náà, Màmá," ló fi dá a lóhùn. "A ò bínú sí yín."

A ò bínú sí yín! Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Ó ń dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀ jì í.

Dókítà fi kún oògùn náà, Màmá ń gún un, ṣúgà ń gòkè. Ó rù. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ bí ẹni jẹ iyọ̀, bó bá sì ti mu omi, ó di ilé ìtọ̀. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ mọ ohun tó ká Paná lára nínú gbogbo èyí? Iná ilé ìtọ̀. Ó ní kí ni Màmá ń lọ tan iná fún lọ́pọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀, ṣé kò mọ ọ̀nà ni? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú gílóòbù ibẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Bí a bá ń sọ ohun kan síni létí láràárọ̀ lálaalẹ́, á wọni lọ́kàn bó pẹ́ bó yá. Mo lọ kí Màmá lọ́jọ́ kan, mo bá a tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ìrọ̀rí rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Kò sunkún. Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ìrọ̀rí náà, bó ṣe máa ń tẹ́ aṣọ kó tó lọ̀ ọ́.

"Ti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ò dùn mí," ó ní. "Ọmọ ọlọ́mọ ni. Ọmọ tí mo fi ọmú bọ́ ló wá gbọn ìrọ̀rí mi láàárọ̀ yìí, tó ń wá súìtì."

Mo ní kó jẹ́ ká lọ sílé mi, èmi á máa gbé e gun àtẹ̀gùn. Ó kọ̀. Ó ní bí òun bá kúrò níbẹ̀ báyìí, wọ́n á ní ojú ló ti òun. Àfi kí òun kúrò nígbà tí orúkọ òun bá ti mọ́.

Orúkọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ òkú. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé òun ń jí Màmá, kò jí. A gbé e dìgbàdìgbà lọ sọ́sípítù. Dókítà obìnrin tó gbà á wọlé fún un ní oògùn tiwọn, irú èyí tó ń gún nílé gan-an, kò tiẹ̀ tó iye tó ń gún nílé. Nígbà tó máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣúgà ti wálẹ̀, Màmá ti lajú. Dókítà wá dúró, ó ń wò wá.

"Níbo lẹ ń tọ́jú oògùn ilé sí?" ló bi wá.

"Nínú fíríìjì ni," Paná ní kíá. "Fíríìjì tó wà lórí bátìrì. Èmi fúnra mi ni mo so ó. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń jẹ."

Dókítà yíjú sí mi. Ó ní kí ẹnì kan lọ mú oògùn náà wá kí òun rí i. Èmi ni mo gba kọ́kọ́rọ́ ilé.

Ooru inú ọ́fíìsì Paná yẹn, ẹ lè yan búrẹ́dì níbẹ̀. Ó ti fèrèsé pa, kọ̀ǹpútà ti sùn lọ fọnfọn, kò sí ìró kankan. Mo ṣí fíríìjì, òkùnkùn ló wà nínú rẹ̀, Paná kúkú ti tú gílóòbù rẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Mo yára fa ọwọ́ mi yọ, torí ohun tí mo rò kọ́ ni mo bá. Ó gbóná níbẹ̀ bí abẹ́ apá. Ìgò oògùn Màmá tò síbẹ̀ nínú ooru.

Mo rò pé fíríìjì náà ti bàjẹ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tọ wáyà rẹ̀ lọ, mo fi ọwọ́ kan di tábìlì mú. Ọwọ́ náà ló gbá mọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà. Ojú kọ̀ǹpútà là, fíríìjì sì húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo dúró gbagidi lórí orúnkún mi. Mo pa kọ̀ǹpútà. Fíríìjì dákẹ́. Mo wá na ọrùn wo ẹ̀yìn bátìrì: wáyà fíríìjì Màmá kò sí níbi tí mo ti rí i tó ki í bọ̀. Ẹnì kan ti yọ ọ́, ó ti ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní àwòrán ewé. Láràárọ̀, bí Paná bá ti ń ka ìròyìn rẹ̀, tí Màmá sì ń wá mú oògùn rẹ̀, òtútù wà. Bó bá ti ka ìròyìn tán, ó parí. Mo gbé ìgò oògùn náà mọ́ra, mo sì sunkún, ẹkún ìbínú.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsípítù ni mo ti bá Paná àti ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ǹṣì. Mo fi ìgò oògùn kan lé Paná lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló yí wáyà fíríìjì Màmá?"

"Èmi ni." Paná kò tiẹ̀ wò mí. "Ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, tọ̀sán tòru ló ń jẹ iná. Fíríìjì tó ti tutù láàárọ̀, kí ló tún ń wá? Mo ti rò ó. Ó yẹ kí òtútù àárọ̀ gbé e dé àárọ̀ ọjọ́ kejì."

"Ó gbóná, Ẹ̀gbọ́n. Ó ń gbóná láti ìgbà tẹ́ ẹ ti yí i. Omi lásán ni Màmá ń gún sára."

Ó yí ìgò náà lọ́wọ́, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Mo rí i náà pé ó ń wá ọ̀nà tí kò fi ní jẹ́ tirẹ̀.

"Bóyá ọ̀nà tó ń gbà ṣí i ni," ó ní. "Màmá kì í pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. "Pa ẹnu rẹ dé!" ló wí.

Ohùn kíláàsì ni. Mi ò gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí mo ti mọ Paná. Nọ́ọ̀sì yọjú, aláìsàn kan tó ń fi igi rìn dúró. Ẹ̀gbọ́n mi kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó wọlé lọ bá Màmá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó gbé orí lé ìrọ̀rí. Ohun tó bá a sọ, àwọn méjèèjì ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí wọ́n dá Màmá sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ lọ kó ẹrù òun nílé Paná. A wọlé, kọ́tìnnì wà ní títì, pálọ̀ ṣókùnkùn bí inú àpò. Ohùn Paná jáde láti igun kan.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ má bínú. Ẹ̀rọ náà ló..."

"Níbo lẹ wà?" Màmá ní. "Mi ò rí yín. Ẹ tan iná."

Ó tan ẹyọ kan náà.

"Gbogbo rẹ̀," Màmá ní, ó sì jókòó láti dúró dè é.

Paná wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo àjà. Paná wọ yàrá lọ, a gbọ́ tó ń fa páálí lábẹ́ ibùsùn. Ó gun àga, ikùn rẹ̀ ń mì, ó ń de àwọn gílóòbù náà padà síbi tó ti tú wọn. A ò ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí gbogbo wọn tàn, a rí eruku, a rí aláǹtakùn, a rí bébà súìtì ọmọ mi tó ṣì wà lórí tẹlifíṣọ̀n. A rí ojú Paná. Ojú kékeré kan ni.

"Ẹ wí i báyìí," ni Màmá wí. "Ẹ má fi ẹ̀rọ sí i."

Paná sọ̀ kalẹ̀ látorí àga. "Màmá ò jí ṣúgà jẹ. Èmi ni mo pa fíríìjì wọn."

"Ẹ ṣeun," Màmá ní, ó sì na ọwọ́ sí mi kí n gbé òun dìde.

A kó ẹrù náà, kò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á sìn wá dé géètì, òun á sì padà, torí ọ̀rọ̀ tọkọtaya kì í tán lọ́jọ́ kan. Sálúbàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. A ò tíì dé géètì nígbà tí iná pálọ̀ kú lẹ́yìn wa. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú padà wo fèrèsé náà tó dúdú. Ẹ̀gbọ́n mi gba àpò Màmá lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."